Wọ́n Ní Ayé Ló Ṣe Mí

Mo rántí ìgbà tí àwọn kóòṣì yunifásítì ń wọ́ wá sílé wa ní Mission Bend, ní Texas, bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì tóbi ju gbogbo ẹni tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ẹni tí mo bá ti kọlù, ó ti ṣubú nìyẹn. Mo ṣe bí mo mọ̀ ọ́n gbá ni.

Kóòṣì kan jẹ mọ́ínmọ́ín ìyá mi tán, ó ní kò sí irú mi ní gbogbo Texas, pé yunifásítì àwọn yóò kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi, ẹnjiníà tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, gbà kíá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ti ń jó ìdúpẹ́ dé iwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Àwọn àgbà tó ń sọ pé a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń mú wá, àwọn gan-an ló ń yìn mí jù.

Mo dé yunifásítì, mo bá àwọn tó tóbi jù mí lọ, wọ́n sì tún ń sáré. Orí àga ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo wà, wọn kì í fi mí sínú eré, ọdún ń gorí ọdún. Bàbá mi ń wá wòran, jẹ́sì mi ń mọ́ tónítóní. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n gbààwẹ̀ fún mi, wọ́n fi omi àdúrà wẹ̀ mí, mo tún padà sórí àga. Ni màmá wòlíì bá ríran pé obìnrin kan nílé ló fi igbá dé ògo mi. Ìyá mi ní kò lè jẹ́ ẹlòmíràn ju àǹtí bàbá mi ní Iléṣà, obìnrin tó tọ́ wọn dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti pa ìyá àgbà náà tì. Wọn kò kí i mọ́, wọn kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo lọ bá wọn, mo ní, "Dádì, kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn boys yẹn kàn fast jù mí lọ ni."

Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Ohun tí wọ́n fẹ́ kó o máa rò náà nìyẹn, ọmọ mi."



Ìyá àgbà náà ti kú tipẹ́. Bàbá mi kò lọ sin ín. Wọ́n ti darúgbó báyìí, èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi sí wọn. Obìnrin tí kò fojú kan bọ́ọ̀lù náà rí láyé rẹ̀, òun ni wọ́n ní ó gbà á lọ́wọ́ mi.