Búrẹ́dì Fanna Níwájú Àwọn Màlúù Ara Àpáta

Fanna kò ka ọkọ̀ sí nǹkan kan. Ẹran tí kò lè dá ọ̀nà ilé mọ̀, tó tún ń mu epo, kí ni èèyàn ń fi í yangàn sí? Inú àgọ́ awọ ewúrẹ́ ni wọ́n bí i sí, lẹ́nu àfonífojì àpáta Tin-Agura, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi mọ gbogbo ihò ibẹ̀ nígbà tó ń da ẹran ìyá rẹ̀. Ọkọ méjì ló fẹ́. Èkínní ń sọ̀rọ̀ jù, ó sì lé e jáde, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn obìnrin ló ni àgọ́. Èkejì mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Òun ni ikú mú lọ. Nígbà tí ọ̀dá pa ewúrẹ́ rẹ̀ tán, Fanna kó wá sí ìlú Janẹti, sínú ilé búlọ́ọ̀kù kan tó ń pè ní àpótí títí dòní.

Nínú gbogbo ohun tí ìlú fún un, Gumar ọkọ ọmọ rẹ̀ ló kéré jù lójú rẹ̀. Awakọ̀ ni. Ó ń gbé àlejò lọ wo àwòrán ìgbàanì tó wà lára àpáta, ó ń pe ara rẹ̀ ní afinimọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sùn ní aṣálẹ̀ rí láìsí tìmùtìmù lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Nadir, ará àríwá kan tó ń ya fọ́tò, béèrè àwòrán àwọn màlúù Tin-Agura, Gumar ní òun mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá a tì. Raisha ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ló bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá wọn lọ júwe ọ̀nà.

Fanna gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Gumar. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn àlejò kan gbé garawa omi dé, wọ́n da omi sára ògiri tí àwọn ará ìgbàanì ya àwọn oníjó sí, kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn fún kámẹ́rà. Ó tàn lóòótọ́, fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Kó tó lọ́kọ, àbàwọ́n pípọ́n nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn màlúù ló ṣẹ́kù, ó sì ti pinnu pé kò sẹ́ni tí yóò fọ̀ wọ́n lójú òun.

Ṣùgbọ́n nínú àṣà wọn, ọkùnrin kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, kì í wojú rẹ̀, èyí tó sì burú jù ni kí ọ̀kan rí èkejì níbi tó ti ń jẹun. Nadir tó jókòó níwájú ló wá di alágbàsọ.

“Nadir ọmọ mi, sọ fún ẹni tó ń wakọ̀ pé kó rọra.”

“Màmá, ó kúkú ń gbọ́ yín.”

“Etí rẹ̀ ń gbọ́. Ta ló ní orí rẹ̀ ń gbọ́?”

Gumar fa láwàní bo imú. “Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀.”

“Sọ fún un pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rìn.”

Nígbà tó yá, oorun gbé Nadir lọ. Wọ́n dé ibi igi ẹlẹ́gùn-ún tó yẹ kí wọ́n ti yà. Fanna na ọwọ́ sápá òsì. Gumar rí ọwọ́ náà nínú dígí, ó yára mójú kúrò. Kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan fún ẹnì kejì. Wọ́n kọjá lọ wẹ́rẹ́, wọ́n sì rìn fún bíi wákàtí kan kí Nadir tó jí.

“Ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀?”

“A ti kọjá rẹ̀ tipẹ́,” ni Fanna wí.

“Ha! Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Ta ni kí n bá sọ?”

Wọ́n yí padà. Ní ọ̀sán, Fanna sin búrẹ́dì sínú iyanrìn àti eérú gbígbóná, nígbà tó jinná ó gbọn eérú rẹ̀ dànù, ó lọ jẹ tirẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì di ìyókù sí aṣọ.

Ọkọ̀ kò lè wọ àfonífojì náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọ̀ ọ́, Gumar gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé èjìká. Àwọn màlúù náà wà níbẹ̀, pupa àti funfun, ìwo wọn tẹ̀ bí oṣù tuntun, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń bọ́ lé wọn lórí. Nadir gbé kámẹ́rà sójú. Ó wá pòṣé.

“Àwọ̀ rẹ̀ ti kú. Gumar, da omi sí i.”

“Má dà á,” ni Fanna wí.

“Omi lásán ni, Màmá. Á gbẹ.”

“Bí mo bá bu iyanrìn sí ọ lójú, òun náà á gbọ̀n dànù. Ṣé kí n bù ú?”

Gumar ti ń ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. “Ọ̀gá, Màmá ò mọ̀ nípa fọ́tò. Gbogbo àlejò mi ni mo máa ń dà á fún.”

Gbogbo àlejò! Fanna wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà bí ẹni wo ìgbẹ́ ràkúnmí. Bó bá pariwo mọ́ ọn, yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, yóò ní ìtìjú ni. Agbára àtijà kò sì sí. Ó rìn kọjá níwájú rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ àwọn màlúù, ó kọjú sí i, ó tú aṣọ, ó la ẹnu gbàgà, ó sì ge búrẹ́dì jẹ. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́.

“Yéè!” Gumar fi láwàní bo ojú, ó gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà, ó sáré gba kọ̀rọ̀ àpáta jáde, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

“Gumar! Níbo lò ń lọ?”

“Ọ̀gá, wọ́n ń jẹun!”

“Kí ló kàn mí bí wọ́n ń jẹun?”

Nadir sáré tẹ̀lé e. Fanna ń jẹ lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ọkà. Gumar kò dúró títí tó fi dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí Nadir fi máa wọ́ kẹ́ẹ̀gì padà, òjìji ti bo àwọn màlúù títí dé ìwo.

“Ẹ ti ba ọjọ́ mi jẹ́, Màmá.”

“Yà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń wò wọ́n láti kékeré, kò pa mí.”

Lójú ọ̀nà ilé, Gumar kò gbójú sókè rárá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ Janẹti, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Ọ̀gá, ẹ bi Màmá pé kí ni kí n sọ fún àwọn ará ilé nípa ohun tí wọ́n ṣe lónìí.”

“Sọ fún un pé kó sọ pé ọ̀jẹun ni mí,” ni Fanna wí. “Kó má sì gbàgbé láti sọ ti kẹ́ẹ̀gì omi tí òun alára gbé lọ́wọ́.”