Àmì Kẹta Lára Ẹ́ńjìnnì Bàbá Wa

Ọ̀sán gangan ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ìgbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí gbogbo wa ní ni, ẹni tó bá pè ọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ẹ́ńjìnnì ti kú sórí omi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́."

Mo kúrò ní Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú, mo wọ mọ́tò gba ọ̀nà Ìtòikin. Ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe jẹ́ iṣẹ́ bàbá wa kí wọ́n tó kú. Lọ́jọ́ ọjà, ó máa ń kó àwọn obìnrin ẹlẹ́ja láti Ìjẹ̀dẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, á sì kó àwọn àti agbọ̀n ẹja wọn padà. Ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn. Bàbá wa ló ra ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí ọkọ̀ náà. Lọ́dọọdún, kí Iléyá tó dé, wọ́n á kùn ún ní búlúù bí ẹni ń rán aṣọ ọdún fún ọmọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ jogún rẹ̀, nítorí náà, kò lè dá pinnu lórí rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ bá létí omi. Akọ̀wé ló ń pè mí látìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé, torí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Mo kọ ohun tó sọ sínú jọ́tà mi, bí àwa oníwèé ìròyìn ṣe máa ń ṣe.

"Akọ̀wé mi, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Atẹ́gùn ń gbé wa lọ sáàárín. A ò ní àjẹ̀ kankan nínú ọkọ̀, ìdérí agbọ̀n la fi ń wa ọkọ̀. Ìyá kan ń pe Jésù, èkejì ń ṣe Lá ìláhà. Ẹ̀gbọ́n yín ń fa okùn ẹ́ńjìnnì títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Ọkọ̀ ẹlòmíì ló fà wá débí."

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀: ká tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ ká tún un tò, tàbí ká lọ ra tòkunbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká tú u. Mo bi ọlọ́kọ̀ kan tó ń so okùn nítòsí wa pé kí ló rí sí tòkunbọ̀.

"Àlejò ni," ó ní. "O ò mọ ohun tó lé e kúrò nílé."

Abẹ́ tapólì kan létí omi ni ṣọ́ọ̀bù bàbá arúgbó tó ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Bàbá náà kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí inú ihò tí písítìnì ń gbà lọ gbà bọ̀ bá ti jẹ, wọ́n á mú kó fẹ̀, wọ́n á fi písítìnì tó tóbi díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú pọ́ńṣì àti òòlù, wọ́n á lu ojú àmì kékeré kan sí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Bí àmì bá pé mẹ́ta, tó bá tún bàjẹ́, ó tán nìyẹn. Irin rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́ jù. Gbogbo ọlọ́kọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀dẹ́ ló mọ òfin yìí.

"Oníwèé ìròyìn!" wọ́n kí mi. "Ṣé o fẹ́ gbé mi jáde ni? Kọ ọ́ pé eyín mi ku mẹ́rin, kí àwọn ọmọge lè mọ̀."

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì wa ni mo bá wá. Ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀?"

Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n fi àtàǹpàkò wá abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà.

"Méjì," wọ́n ní. "Ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dá sí i.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ́ńjìnnì lẹ̀ ń sọ. Èmi ni mo ń jókòó nínú ọkọ̀."

"Ṣé èmi ò sí níbẹ̀ ni?" ọkọ rẹ̀ fèsì.

"Ẹ̀yin mọ omi wẹ̀."

Mo kọ "méjì" sínú jọ́tà, mo ní kí wọ́n tú u. Èmi tó jẹ́ pé bí ọlọ́pàá bá sọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń wá ẹlòmíì bi kí n tó gbé e jáde, mi ò bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi padà lọ lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ti yọ písítìnì, wọ́n ti ha èédú orí rẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á. Nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sórí èyí tó tóbi jù ni, èyí tí wọ́n ń fi sí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà búlúù lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun funfun kan jáde lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́, a sì rí ihò kékeré kan. Àmì kẹta.

"Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò nìyí," Bàbá ní. "Ẹ́ńjìnnì tí mò ń tún ṣe ò níye. Àmì yìí ni mo fi ń rántí. Ta ló dí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Ìgbà tí ẹ lu ẹ̀kẹta, kò tíì pẹ́ tí a sin bàbá wa. Mo mọ̀ pé bó bá tún bàjẹ́, ẹ máa ní kí n gbé e jù nù. Ọ̀dà tó kù nínú agolo wọn ni mo fi kùn ún. Mo rò pé bí ẹ bá ti tú u, ẹ ò ní dá iṣẹ́ dúró mọ́."

Bàbá ò pariwo. "Ìyàwó ẹ ń wọ ọkọ̀ yìí," wọ́n ní.

A ra tòkunbọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Bàbá gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi láti dán an wò, wọ́n fa okùn rẹ̀, ó dún geere. Mo ní ó dáa. Wọ́n ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe dáadáa nínú dúrọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sídìí ọkọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́yìn.

"Akọ̀wé mi, kí ni Bàbá rí nínú ti àkọ́kọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí láti inú ọkọ̀.

"Ó ti gbó," mo ní.

"Mo ti rí i níbi tí wọ́n gbé e sí. Mo rí nǹkan funfun lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èmi ni mo ra pọ́tì yẹn bọ̀ láti Ìkòròdú, Akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n yín ní ara ọkọ̀ làwọn fẹ́ fi dí."

Jọ́tà wà lápò mi, mi ò mú un jáde.

Ó wọ ọkọ̀, ó kọjá lára ọkọ rẹ̀ láìwò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun náà títí.

"Kò sí àmì kankan," ó ní. "Ṣé ó dáa ni, àbí kò sẹ́ni tó ń sàmì níbi tó ti wá?"

Ó jókòó, ó fa àjẹ̀ tuntun kan yọ lábẹ́ agbọ̀n rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ẹ̀gbọ́n mi fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì gbà. Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ yẹn. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò wúkọ́ rárá, ṣùgbọ́n títí a fi dé Ìjẹ̀dẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò gbé àjẹ̀ náà sílẹ̀.