Eré Tí Àwo Lukman Ń Sá

Ká sọ tòótọ́, Alhaji Lukman mọ ijó. Nígbà tí dísíkò ń hó yeeye ní Àgbàdo, bó bá ti bọ́ sójú agbo, àwọn tó kù á yà fún un ni. Àwo orin òyìnbó kan báyìí, tí wọ́n fi dùùrù oníná kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sórí ẹ̀rọ, táá sì bá jó. Àfi bí orúnkún ṣe dá a dúró lágbà. Ẹsẹ̀ ò lè bá eré orin náà mọ́, ló bá ti àwo bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara. Kó tún bá a jó lẹ́ẹ̀kan péré kí ọlọ́jọ́ tó dé, ohun tó ń wá nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Mùnírátù ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin wá fún un nílé rẹ̀ ní Mowe. Ọmọ náà fa àwo yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ka ohun tí wọ́n kọ sáàárín rẹ̀, ó yí bọ́tìnì, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Háà! Orin ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Obìnrin olóhùn tín-ín-rín tí Lukman ti ń gbádùn láti ìgbà èwe wá di ọkùnrin olóhùn ńlá!

"Wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì! Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, gbé e padà!"

"Dádì, kò bàjẹ́. Ẹ wò ó níbí, ibi tó ń yí pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ní ká fi sí. Ibi tó ń yí kíá lẹ̀yin ń fi sí."

"Àwo ijó ṣáà ni! Ta ní í fi àwo ijó síbi pẹ̀lẹ́?"

Ojú ti Lukman díẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ló ti rí i pé ẹsẹ̀ òun ń mi. Ó dìde. Orúnkún ò bínú. Ó ju èjìká sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ẹ gbà mí, bàbá ń jó!

"Àjíbíkẹ́! Àjíbíkẹ́, wá wò mí!"

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti kíṣìnì, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. Kò wo ijó. Orin ló ń gbọ́.

"Ṣé bó ṣe ń lọ gan-an nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi ni mò ń lé e léré látijọ́."

"Baba Mùnírátù, ẹ ò ṣe mí dáadáa o. Ìdí ògiri ni mo ń dúró sí ní Àgbàdo, tí mò ń bá yín mú kóòtù dání. Mo rò pé èmi ni ò mọ ijó."

Gbogbo ayé ni Lukman ti sọ fún pé ìyàwó òun ò fẹ́ràn ijó. Kò bi í rí.

"Mùnírátù, dá a padà síbẹ̀rẹ̀," Àjíbíkẹ́ ní. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Alhaji, ẹ sún fún mi."