Uncle Ṣùpọ̀ àti Áńgẹ́lì Oníbàtà

Ọjọ́ tí wọ́n pín ìwé orin Kérésì ní ìjọ aláṣọ funfun wa ní Thamesmead, ní London, Mother Keziah ló kọ́kọ́ figbe ta. Áńgẹ́lì tó wà lójú ìwé náà wọ sùtánà funfun báláú, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n bàtà dúdú ńlá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà.

"Ṣùpọ̀! Áńgẹ́lì wo ló ń wọ bàtà?"

Uncle Ṣùpọ̀, tó ya àwòrán náà, dìde. "Mother, ẹ yọjú síta. Yìnyín ń já bọ́. Láti ọ̀run títí dé Thamesmead, ẹ fẹ́ kó fẹsẹ̀ lásán wá?"

Wòlíì ní àfi kó tún un yà. Nígbà tó di Sunday kejì, ìwé tuntun dé. Áńgẹ́lì ti bọ́ bàtà lóòótọ́, àmọ́ ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e há abíyá. Kí Mother Keziah tó lanu, Uncle Ṣùpọ̀ ti nawọ́ sí ọ̀rá bàtà tó wà lábẹ́ àga wọn. "Ẹ̀yin náà ò jẹ́ fi tiyín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ti áńgẹ́lì ni kí wọ́n wá jí?"

Bí bàbá yẹn ṣe rí nìyẹn o. Èbúté Mẹ́ta ló ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí àwọn ìjọ ń tẹ orin tuntun jáde pẹ̀lú àmì ohùn, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àwòrán aláràbarà sójú ìwé rẹ̀. Ó dé London, bọ́ọ̀sì ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, á ní ayàwòrán ojú ìwé orin lòun. "Ṣé kí orin máa rìn níhòòhò ni?"

Kì í sì í ya nǹkan kan tí wọn ò bá tíì wá kọ orin náà fún un. Òkè téńté nilé rẹ̀ wà, létí adágún Southmere. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́, gbogbo akọrin fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn, wọ́n sì kọ orin ayọ̀ kan fún un bó ṣe yẹ. Nígbà tí ìwé jáde, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló lanu sílẹ̀, tí wọ́n di ìbàdí mú, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Uncle Ṣùpọ̀ ní, "Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Mùjídì, tó ń ta ẹran nítòsí Powis Street, tiẹ̀ fìbínú wá bá a, torí Uncle Ṣùpọ̀ ti fi ojú rẹ̀ ya Gòláyátì sójú ìwé orin.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí n jẹ́ Gòláyátì ò dùn mí! Mo kúkú sígbọnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé Adébọ́lá ẹlẹ́ja tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ wá fi ṣe Dáfídì? Àwọn kọ́sítọ́mà ń bi mí bóyá orí ṣì ń fọ́ mi!"

Ìgbà tí Michael di olórí akọrin ni ọ̀rọ̀ wá le. "Uncle, ẹ sinmi. Kọ̀ǹpútà máa ṣe é kẹ́ ẹ tó mu tíì tán. Free ni sef."

Uncle Ṣùpọ̀ ní, "Ó dáa," ó mú ọ̀rá bàtà rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá, torí a ò rí irú ẹ̀ rí. Ó lọ sílé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Ìyàwó rẹ̀, Auntie Bernice, pe Michael lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ yẹn ló ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa pa á ni. Kó tó wá kú, èmi ló máa máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́!"

Michael ò gbọ́. Kọ̀ǹpútà ló fi ṣe ìwé orin Àjíǹde. Nígbà tí Wòlíì gbé e sókè, akọrin inú àwòrán náà nawọ́ sọ́run, ìka méje ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Uncle Ṣùpọ̀ bọ́ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ẹ jẹ́ kó máa kọrin lọ," ló wí. "Kó ṣáà má bá wa gba ọrẹ."

Wòlíì fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Michael dọ̀bálẹ̀, Uncle Ṣùpọ̀ sì gba iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Oṣù Kejì tó kọjá ló sùn tí kò jí mọ́. Ta ló máa wá ya ojú ìwé orin ìsìnkú rẹ̀? Michael jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ló bá ra pẹ́ńsù, ó ra ọ̀dà, ó yà á fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá Auntie Bernice.

"Ta lèyí?"

"Uncle ni, Auntie."

"Michael, iṣu lo yà yìí."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, Michael náà ń sunkún.

"Ẹ má bínú, Auntie. Ṣé kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún un ṣe?"

"O ò gbọdọ̀ dán an wò! Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí gbogbo wọn rí i pé kò sẹ́ni tó lè ṣe iṣẹ́ ọkọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo wa di ìwé náà mú, à ń wo orí wọ́gọwọ̀gọ tó dà bí iṣu yẹn, ẹ̀rín ń pa wá, omi ń dà lójú wa. A ò lè kọ ẹsẹ orin kejì já. Àárò bàbá náà ń sọ wá gan-an ni.