Òkun tí Rẹ̀mílẹ́kún Rántí

Òjò àárọ̀ yìí ká àwọn àpò èédú tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó-Ọ̀tà mọ́ ìta, òórùn èédú tútù sì gba inú ṣọ́ọ̀bù kan. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá wo àwòrán mi sábà máa ń bi mí pé, "Màmá, ọmọ Ọ̀tà ni yín, níbo lẹ ti rí òkun tí ẹ ń yà ṣáá?" Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìjù, lẹ́bàá Ọ̀tà níbí, ni mo ti ṣe kékeré. Agboolé wa kún débi pé bí ìyá bàbá mi bá pariwo pé "Ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn!", àtọmọ àtewúrẹ́ la jọ ń sá. Ibẹ̀ ni Ìyá Rẹ̀mí ti wá gba yàrá kan, àwọn àti ọmọbìnrin wọn, Rẹ̀mílẹ́kún, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Etí òkun ni wọ́n ti wá. Òkun ló gbé ọkọ wọn lọ níbi tó ti ń pẹja, nígbà tí Rẹ̀mí ṣì wà nínú oyún. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà díẹ̀, tí kì í fẹ́ kúrò létí omi, ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e wá sí Ìjù. Wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ òkun létí wọn.

Àmọ́ Rẹ̀mí ò gbàgbé. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sọ́jà, yóò ṣa èédú nídìí ààrò, yóò sì ya òkun sára ògiri ẹ̀yìn ilé: ìgbì, ẹyẹ, ọkọ̀ kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán. Bí mo bá gba èédú lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Má yà á bí òkè. Ó ń mí ni. Yà á bí ẹni tó ń mí." Kí ìyá rẹ̀ tó dé, a ti fomi fọ ògiri.

Ní àkókò òjò ọdún kan, ibà mú Rẹ̀mí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì bá wọn padà wálé mọ́.

Ọjọ́ pọ̀ tí Ìyá Rẹ̀mí ò fi sunkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá mi lẹ́yìn ilé, wọ́n na èédú sí mi.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa ń yà á. Èédú kì í fọ̀ tán lára ògiri. Yà á fún mi bó ṣe máa ń yà á."

Mo gbà á, mo yà á. Nígbà tí mo dé ibi ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú jẹ́jẹ́.

"Fi èèyàn méjì sí i. Bàbá àti ọmọ."

Mo fi wọ́n sí i. Ìgbà yẹn ni Ìyá Rẹ̀mí tó bú sẹ́kún. Ẹnikẹ́ni ò fọ ògiri náà. Òjò ló pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ti wó agboolé wa. Ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá kan ló wà níbẹ̀ báyìí, odò tí a ti ń pọnmi kò sì ṣeé bu bọjú mọ́. Ìyá Rẹ̀mí padà sí etí òkun, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí. Nígbà tí mo dàgbà, èmi náà lọ wo òkun. Ó tóbi, ó lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo mọ̀. Èyí tí mo ń yà ni èyí tí ọmọ kan rántí fún mi. Nínú gbogbo àwọn tó mọ Rẹ̀mí, èmi nìkan ló kù. Bí mo bá sinmi yíyà, ta ni yóò mọ̀ pé ó wáyé rí?