Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Nùréènì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó mọ iyì balùwẹ̀, ẹ wá sí àdúgbò wa ní Ọ̀rílé Agége, kí ẹ béèrè Nùréènì wẹ́dà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú u o. Ilé kan náà la jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo wa ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi Rachael aránṣọ, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà, ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nùréènì ti kúrò ní tirẹ̀, ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí òdìkejì títì, ó kọjú sí wa gan-an. Bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì mi, géètì rẹ̀ ni mò ń wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá wọn aṣọ.

Nígbà tí Nùréènì wà lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ yẹn ń bí nínú bíi tirẹ̀. Láràárọ̀ la máa ń tò pẹ̀lú korobá omi wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláúsá á ní ká jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé, pé ìjọba ò lè máa dúró de òun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike lẹ́bàá títì Ọba Akran á ní ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ti fẹ́ lọ. Nùréènì á wà láàárín wọn, táwẹ̀lì lọ́rùn, á máa búra.

"Wallahi, lọ́jọ́ tí mo bá kọ́lé, kò sí ẹnì kan nínú ilé mi tó máa dúró de ẹlòmíì kó tó wọ balùwẹ̀."

À á ní àmín. Ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún ò tíì jáde, a ò sì ní nǹkan mìíì tí à ń ṣe.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, a máa wá kí i nígbà náà. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá ti yọ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú búùtà àlùwàlá wọn, gbogbo ìlà á yà fún wọn. Ẹnì kan á gba búùtà, ẹlòmíì á di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n á fi wọlé. Kódà, ará Aláúsá kì í ráhùn.

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà Nùréènì. Géètì tó ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tà, àwọn olówó Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó ra ilẹ̀ iwájú wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé. Lókè, yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Nísàlẹ̀, pálọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, yàrá Màmá náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé bàbá ti kú, Màmá sì ń bọ̀ wá gbé pẹ̀lú ọmọ wọn pátápátá. Sùlíyá dé orí ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yí i ká, ó sì béèrè ohun kan péré.

"Bàbá Hàmdálàt, balùwẹ̀ Màmá dà?"

"Balùwẹ̀ kún òkè. Kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n."

"Orúnkún wọn ńkọ́?"

"Àtẹ̀gùn mi ò ga. Ṣebí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, orí òkè ni wọ́n ti ń ṣẹ́gi."

"Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge," Sùlíyá ní, "ẹ̀yin ò tíì dáyé."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé Nùréènì ò fẹ́ kí ohunkóhun gé pálọ̀ rẹ̀ kù. Ó fẹ́ pálọ̀ tí àlejò á ti rìn títí kó tó kan àga. Àyè kan wà láàárín pálọ̀ náà àti yàrá Màmá tó gba balùwẹ̀ kékeré dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi kún pálọ̀. Sùlíyá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Ìgbà tó yá ló lọ gbé géètì fún ọ̀gá kan ní Ìkẹjà GRA. Inú yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà sì mú un lọ sí tóílẹ́ẹ̀tì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀. Nùréènì wọlé, ó gbàgbé inú rírun. Ó ní òórùn dídùn ń ta níbẹ̀. Díńgí gba gbogbo ògiri, wọ́n ká táwẹ̀lì kéékèèké jọ sínú apẹ̀rẹ̀, ọṣẹ ibẹ̀ sì rí bí òdòdó débi pé kò lè fi fọwọ́. Nígbà tó jáde, ó béèrè ẹni tó ń lò ó. Ọmọ ọ̀dọ̀ ní, "Àlejò nìkan ni, sà." Sùlíyá ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ òun ò jẹun, ọ̀rọ̀ tóílẹ́ẹ̀tì ló ń sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Olúṣínà, bíríkìlà tó ń bá a kọ́lé, ó ní òun ti gbà, kí ó mọ balùwẹ̀ kan kún un níbi àyè yẹn. Inú Sùlíyá dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Olúṣínà wá béèrè bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbà.

"Ọ̀gá, ibo ni kí ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí? Yàrá Màmá ni àbí pálọ̀?"

"Yàrá Màmá," Sùlíyá ní.

"Pálọ̀," Nùréènì ní. "Tóílẹ́ẹ̀tì àlejò ni."

"Màmá wá ńkọ́?"

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ. Ó ní, "Ṣé àlejò ni màmá mi ni? Nínú ilé ọmọ tí wọ́n bí? Ẹni tó bá pe ìyá mi ní àlejò nínú ilé yìí, èmi àtẹni náà á jọ wọ ṣòkòtò kan náà ni! Onílé ni wọ́n. Òkè sì ni balùwẹ̀ onílé wà."

Ta ló fẹ́ ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí Sùlíyá bá tún sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó pe ìyá ọkọ ẹ̀ ní àlejò. Olúṣínà kọjú ilẹ̀kùn sí pálọ̀.

Ilé parí. Nùréènì fi táìsì tó ń dán bíi díńgí sínú tóílẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ẹ̀rọ omi aláwọ̀ wúrà sí i, ó ra ọṣẹ olódòdó, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ ti mọ́tò. Ọ̀gá GRA ló ń retí, torí ọ̀gá náà ti ní òun máa wá kí i kú oríire ilé. Ẹlòmíì ò kúnjú òṣùwọ̀n. Àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ ẹ̀ wá, ó ní ará ilé ni wọ́n, kí wọ́n gòkè. Àwọn àna ẹ̀ wá, ó ní ẹbí ni wọ́n. Èmi náà lọ kí wọn, ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo ní kó ṣí i fún mi. Ó na ọwọ́ sí òdìkejì títì.

"Ìyá Àdúrà, ṣebí ilé yín nìyẹn?"

Mo sáré sọdá.

Àsìkò yẹn ni Màmá kó dé. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ rá gun àtẹ̀gùn tí kò ga náà, wọ́n sì ń fi ìdí wọ́ bọ̀. Sùlíyá ra póò fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ìyàwó ọmọ àwọn máa gbé ìtọ̀ àwọn kiri. Wọ́n ní kí Nùréènì jẹ́ káwọn máa lo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn, torí òórùn dídùn ibẹ̀ ń wọlé bá àwọn lójú oorun.

"Màámi, ti àlejò nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ nilé."

Màmá ní ó dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rí Màmá tí wọ́n ń sọdá títì pẹ̀lú búùtà wọn. Wọ́n kí mi, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé wa, ìlà sì yà fún wọn bíi ti àtijọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé ìyá ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń tọrọ balùwẹ̀ nílé ayálégbé. Sùlíyá ò lè gbójú sókè mọ́. Nùréènì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwa là ń ba ìyá òun jẹ́. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá Hàmdálàt, ẹ lọ jókòó sínú tóílẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ ronú." Ó bínú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá jókòó ti mí, wọ́n bú sẹ́kún. "Rachael, mo rò pé ilé ọmọ mi ni mo máa kú sí. Mo máa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́." Ta ló wà nílé? Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ ti ṣófo, kò sí ẹni tí yóò bu omi fún wọn. Mo bá wọn sunkún. Wọ́n ti di ẹrù wọn.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá GRA dé. Nùréènì wọ funfun báláú. Mo ń ti ìsìn bọ̀, mo sì rí Màmá níwájú géètì, lóde, nínú aṣọ àtàtà wọn, báàgì lọ́wọ́. Wọ́n ń kan géètì tí ọmọ wọn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe.

"Ẹ ńlẹ́ níbẹ̀ o! Àgò onílé o!"

Nùréènì jáde. Màmá fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n di irin géètì mú.

"Ẹ kúulé, sà. Àlejò ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Wọ́n ní ẹ ní tóílẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣe fún àlejò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí i, kí n tó máa lọ."

Nùréènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. "Màámi, ẹ má pa mí! Ẹ má pè mí ní sà!" Ọ̀gá GRA ti jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó béèrè ẹni tí màmá náà jẹ́. Màmá ló dá a lóhùn, wọ́n ní, "Àlejò bíi tiyín ni mí, sà."

Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Nùréènì. Màmá wọlé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá GRA mu omi tútù, ó ní ilé dára, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ béèrè tóílẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Olúṣínà dé pẹ̀lú òòlù. Ó fọ́ ògiri, ó yí ilẹ̀kùn sí yàrá Màmá, ó sì mọ ti pálọ̀ pa. Màmá tú ẹrù wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ò ní kúrò ní etí ìró àwọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní yàrá wọn, mo ń wọn bùbá fún wọn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú, ìsàlẹ̀ nìkan ni omi wà. A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Màmá ní.

"Èmi ni, Màámi. Nùréènì ni."

"Ṣé onílé ni, àbí àlejò?"

A ń gbọ́ bó ṣe ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì.

"Àlejò ni, mà."

Màmá rọra tú etí ìró wọn, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì nà án sí mi.

"Dúró níbẹ̀, ọmọ mi," wọ́n ní. "Rachael ló kàn."

Mi ò tiẹ̀ ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi ọṣẹ olódòdó náà fọwọ́ dáadáa.