Àwọn Ayálégbé Inú Alhaji Ìsmáílà

Onílé mi ní Addo lápá Ajah, Alhaji Ìsmáílà, fẹ́ràn kí ó máa rìn yí ilẹ̀ ká ju kí ó máa gba owó ilẹ̀ lọ. Ní ìdílé wọn, bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn yí ààlà rẹ̀ ká pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ rà á. Láìrìn ín, ilẹ̀ ò tíì tà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, Alhaji ló ń rìn ín. Á dé fìlà funfun, á mú ọ̀pá dání, bó bá sì ti dé ìdí pèrègún àkọ́kọ́, ìtàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àfi bí inú rẹ̀ ṣe dàrú. Ìgbẹ́ gbuuru ni, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, inú sì ń rún un. Ògiri kan ló wà láàárín ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ àti yàrá mi, nítorí náà ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń mú tọkọtaya kan láti Lekki yí ilẹ̀ ká, ó kàn sáré wọ inú igbó lójijì. Ó jáde, wọ́n rìn díẹ̀, ó tún sáré wọ igbó. Ọkọ bá rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó jọ pé bàbá yìí ń ri oògùn mọ́lẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ni mọ̀lẹ́bí bá ṣe ìpàdé, wọ́n ní kí Shamsudeen, àbúrò rẹ̀, máa rìn ín báyìí. Ọmọ dáadáa ni Shamsudeen, àmọ́ fóònù ló máa ń wò bó bá ń rìn. Odindi ọ̀sẹ̀ náà ni Alhaji ò fi jẹnẹrétọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe, ni mo fi mọ̀ pé ó dùn ún dé egungun.

Ìyá rẹ̀, Ìyá Mọ̀nsúrát, ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ilé yẹn, oṣù kì í parí kí wọ́n má fọ inú. Ìyá fúnra wọn ló ń se àgbo, ojú wọn náà ni gbogbo ọmọ, àgbà tòun ti irùngbọ̀n, ti máa ń mu ún. Alhaji á mu ún, á tún fi kápúsù apakòkòrò láti kẹ́míìsì lé e. Ara á tù ú díẹ̀, á sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún Ìyá?

Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Olúwafúnmilọ́lá. Wọ́n fi kámẹ́rà kékeré wo ìfun rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti dégbò. Dókítà ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, tí àwọn ọmọ ogun tó ń dáàbò bo ara fúnra wọn fi ń gbógun ti ìfun. Ó bi í pé kí ló ti ń lò, Alhaji sì ka gbogbo rẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga. Dókítà sọ fún un pé kòkòrò tí ojú ò rí pọ̀ nínú ìfun ènìyàn, pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe wá lóore. Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Kòkòrò ló tún ń ṣoore?

Dókítà bi í pé, "Alhaji, bí ẹ bá lé gbogbo ẹni tó wà lórí ilẹ̀ yín lọ, tí ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lásán, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Ní Ajah? Kílẹ̀ tó mọ́, ẹlòmíì ti da yanrìn síbẹ̀."

"Bó ṣe rí nínú yín nìyẹn, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Alhaji. Dókítà ní àwọn onímọ̀ ò tíì mọ̀ tán bóyá títúká àwọn kòkòrò rere ló ń fa àìsàn náà, tàbí àìsàn ló ń tú wọn ká. Ṣùgbọ́n fífọ inú lóṣooṣù ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó kọ oògùn tó máa pẹ̀tù sí ìfun, ó ní kò gbọdọ̀ mu àgbo tàbí kápúsù mọ́ láìbéèrè. Ó ní ó lè máa mu ògì kíkan wò nítorí àwọn kòkòrò rere náà, bó bá bá a lára mu, àmọ́ kó má tìtorí ògì pa oògùn tì.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, ilé ìyàgbẹ́ sì dákẹ́. Àmọ́ oṣù parí, Ìyá gbé ife àgbo dé. Alhaji tó máa ń lé àwọn ajagungbalẹ̀ sá ní kí n wá dúró ti òun.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Àwọn ayálégbé kan wà nínú mi, àgbo yìí ló ń lé wọn jáde."

Ìyá wò ó, wọ́n wo èmi náà. "Ṣé wọ́n ń sanwó ilé?"

"Wọ́n ń san án, Màámi. Ògì kíkan ni Dókítà ní kí n fi dán wọn wò. Bí wọ́n bá wà nílé, mi ò ní sáré wọ igbó mọ́."

Ìyá gbé ife wọn, wọ́n sì wọlé. Alhaji ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní inú rírún sàn fún òun ju kí ìyá òun fajú ro bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan wá ra ilẹ̀ lápá Eleko. Shamsudeen ti wọ bàtà tán kí Alhaji tó yọ pẹ̀lú fìlà funfun, ló bá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, gbogbo igbó tí a bá kọjá ni mò ń fi ojú wọ̀n. Alhaji ò wo ọ̀kankan. Ó rìn ín yí ká, nígbà tó dé ìdí pèrègún tó kẹ́yìn, ó tún sọ ìtàn bàbá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Inú mi dùn débi pé mo gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí a délé, Ìyá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n dé. Alhaji dúró sójú kan. Ìyá ṣí abọ́ náà. Ẹ̀kọ gbígbóná ni, ògì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ tó sì kan dáadáa.

"Gbà," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ìwọ ni mo ṣe é fún o. Oúnjẹ àwọn ayálégbé rẹ ni."

Alhaji fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, ó mu ún tán níwájú wọn, omi sì ti kún ojú rẹ̀.